Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Ẹ̀bẹ̀

Kò ní gùn. Mo fi ewú orí mi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ rò yìí kò ní gùn ju àsìkò tí Ìyá Stella máa fi jáde láti yàrá rẹ̀ wá sí pálọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Jùwọ́n, mò ń bọ̀," ó wọlé, kò sì tíì bọ̀... Obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n wá bẹ òun kì í yára jáde. Kò burú. Ó ń fún mi láyè kí n gbé ojú mi sípò. Ojú ẹ̀bẹ̀ — kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé díẹ̀, kí ìpéǹpéjú rọ̀, kí ẹnu ṣí bí ẹnu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí kò fẹ́ sọ. Fìlà ńkọ́? Fìlà wà lórí eékún. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í dé fìlà. Ó yẹ kí ojú náà ti dúró báyìí. Kí ló dé tí kò fẹ́ dúró lónìí? Mo gbé e sípò, ó yẹ̀. Mo tún gbé e, ó...

Ìka mi ló fà á. Ìka yìí ń rùn.

Ta ló rán mi pé kí n dìde? Ǹ bá jókòó jẹ́ẹ́ kí n máa mu mọ́ọ̀tì tó gbé fún mi. Àmọ́ ibi tó fi mí jókòó sí, ojú mi wọ ilé ìdáná tààrà — ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mi ò bá a jà — mo sì dìde lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí ọmọ mi kàn fún un. Ó ń dán. Ká má purọ́ mọ́ ọmọ, ó ń dán. Fọ́míkà funfun báláú, ọwọ́ ìlẹ̀kùn bíi fàdákà. Àfi ìsàlẹ̀ sínkì. Ìsàlẹ̀ sínkì ti wú bíi búrẹ́dì tí ọmọdé rì bọ tíì tó gbàgbé síbẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Ìka wọlé! Ìka arúgbó, tí kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, wọnú pákó dé oríkèé. Mo fà á yọ, nǹkan kan bí ẹ̀bà àná tẹ̀ lé e jáde. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù sínú àpótí. Aáyán kan jáde láti inú ihò tí mo dá, ó dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀ bíi lánlọ́ọ̀dù tó bá àjèjì lẹ́nu géètì rẹ̀. Èmi ni mo yà fún un.

Mo ti fi áńkáṣíìfù nù ún. Mo ti fi omi ṣàn án. Ó ṣì ń rùn. Obìnrin yìí tún gbé ìpanu ṣín-ṣín sínú àwo síwájú mi. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi mú un?

Kì í kúkú ṣe pé mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe pákó náà. Lẹ́búlẹ́bú ayùn ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi fọ́míkà bò lójú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Jùwọ́nlọ kó o dé láti Mazamaza. Mo bi í pé, "Omi ńkọ́?" Ó ní, "Dádì, kò sẹ́ni tó máa wo inú ẹ̀." Ọmọ tí mo fi owó oṣù ìjọba àpapọ̀ rán ní yunifásítì. Kò sẹ́ni tó máa wo...

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ní, ní Kuje Amuwo. Kì í pè é ní ṣọ́ọ̀bù o. Iléeṣẹ́ ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ń gé pákó. Ó ní Henry tó ń kàn án mọ́ra, Henry tó gbà pé rúlà wà fún àwọn tí ojú wọn kò dá ṣáṣá. Ó ní àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù lóríṣiríṣi lórí fóònù, tí kò sí èyí tó kàn nínú wọn. Ó sì ní èmi. Jùwọ́n ń gba iṣẹ́, Henry ń bà á jẹ́, èmi ń bẹ̀bẹ̀. Bí a ṣe pín in nìyẹn. Èmi ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀bẹ̀. Mi ò ní igbákejì.

Nígbà tí mo ra láali dúdú kan pé kí n fi kun irun — mo fẹ́ dà bí èèyàn díẹ̀ kí n tó kú — Jùwọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún. Ewú yín yẹn ni kápítà tá a fi ń ṣòwò." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo fi àwàdà jẹun ní ọ́fíìsì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò mọ àwàdà yàtọ̀ sí ìròyìn mọ́.

Ìyá rẹ̀ sì wà nílé tó ń gbè é lẹ́yìn. "Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ń ráhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ látàárọ̀ ńkọ́?" Ó ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́ ni. Ó ń jí kùtùkùtù, ó ń làágùn, ó ń sáré, ó ń gbàdúrà lórí ẹ̀rọ kó tó tàn án. Kò sí ohun tí kì í ṣe. Àfi kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó kó mi nírìíra. Mo ti sọ ọ́. Ọmọ tí mo bí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń kó mi nírìíra bí ohun tó wà lábẹ́ èékánná mi yìí.

Kí n rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Inú ilé ìdáná yìí ni Ìyá Stella ti ń yan míìtì-páì tó ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Ohun tó ń jẹ nìyẹn látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti wá gbé ófùnù jáde sí kọ́rídọ̀, torí pé aáyán kò sí lára ohun tí wọ́n ń fi sí míìtì-páì. Ó ní òun máa ya fọ́tò ìsàlẹ̀ sínkì, òun á gbé e sórí Wásáàpù gbogbo àdúgbò. Jùwọ́n wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi láàárọ̀ yìí. "Dádì, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí fọ́tò yẹn bá jáde, mo ti kú ní Festac nìyẹn. Kò ní sẹ́ni tó máa gbéṣẹ́ fún mi mọ́." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ kán ni?" Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọ jẹ́léósinmi.

"Dádì, témi bá lọ, wọ́n á ní kí n wá tún un ṣe ni."

Wọ́n á ní kó wá tún un ṣe! Ẹ wo ewu tí wọ́n dẹ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo lọ wọ bùbá ẹ̀bẹ̀, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti ṣá — wọn kì í wọ léèsì lọ bẹ èèyàn, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ á máa ro iye tí léèsì náà jẹ́ — mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Torí mo mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rín ń pa mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín. Lọ́yà kan wà ní Alákijà, bẹ́ẹ̀dì tí Henry kàn fún un já wálẹ̀ pẹ̀lú tọkọtaya lórí ẹ̀. Ọkùnrin náà ń pariwo ilé ẹjọ́, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti eékún, mo tẹ̀... "Háà! Bàbá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ré ni?" Ó ti dì mí mú ní apá. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi. Mi ò tíì kanlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀: tí o bá yára jù, wàá délẹ̀ kí wọ́n tó dì ọ́ mú, tí o bá sì lọ́ra jù, wọ́n á mọ̀ pé ò ń dúró dè wọ́n.

Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Mo ń bi ara mi ni. Àgbàlagbà tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí... kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìhàlẹ̀ ni. Mò ń na ọjọ́ orí sí wọn bí adigunjalè ṣe ń na ìbọn. Gbà, àbí kí n fi àyà kanlẹ̀ fún ọ, kí o wá lọ máa ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọ. Wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà nílẹ̀ tó já sí.

Tù!... Mi ò lè tutọ́ sórí rọ́ọ̀gì onírọ́ọ̀gì. Mo gbé e mì.

Àmọ́ Ìyá Stella kò ní dì mí mú. Ẹlẹgbẹ́ ni wá. Tí mo bá ń lọ sílẹ̀, á jókòó, á máa wò mí títí n ó fi délẹ̀, á sì bi mí bóyá mo fẹ́ ìrọ̀rí. Dídọ̀bálẹ̀ kò wọlé níbí. Àdúrà kò wọlé, òun ló ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohun kan ló kù. Látilé ni mo ti mọ̀ pé òun ló kù; mo kàn ń yí i po bí ẹni ń yí ẹrọ̀fọ̀ po ni.

Ọkọ rẹ̀.

Bó ṣe máa lọ nìyí. N ó kọ́kọ́ dákẹ́. N ó ní, "Ìyá Stella... ká ní Adédìran wà láyé..." N ó já ohùn síbẹ̀. N ó gbójú sókè wo fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Kò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Á fi etí ìró nu ojú. Á ní, "Ó ti tán, Bàbá Jùwọ́n. Nítorí ẹni ire tó lọ." Jùwọ́n kò ní kú ní Festac. Ófùnù á wà ní kọ́rídọ̀.

Ó dára. Kí n dán an wò. Ká ní Adédìran wà láyé. Kí n gbójú sókè...

Adédìran ń wò mí.

Ẹ wo bó ṣe ń wò mí. Bó ṣe máa ń wo àga nìyẹn. Ọ́fíìsì kan náà la wà, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Nígbà tí kọngílá kan kó àga tuntun wá fún wa, Adédìran ló ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn, ó ń mi ìdí. Èmi ni mo fi ṣe àwàdà káàkiri pé ìjọba ti gba ìdí Adédìran síṣẹ́. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Kọngílá lọ mú pásítọ̀ rẹ̀ wá. Adédìran gba àdúrà, ó ṣe àmín, ó bi pásítọ̀ pé, "Àga ńkọ́?" Kọngílá tún lọ mú ìyá rẹ̀ wá, ìyá arúgbó, tó ń fi ọ̀pá rìn, tó ń sunkún. Adédìran dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ó fún wọn lómi, ó bá wọn kẹ́dùn pé ọ̀nà jìn. "Ẹ kú wàhálà, Màmá. Àga ńkọ́?" A sọ pé ọkùnrin náà kò lójú àánú. Kọngílá bínú lọ, ó lọ kan òmíràn wá. Orí àga yẹn ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò dún kẹ́ẹ́.

Ká ní Adédìran wà láyé... kí ni? Kí ni Adédìran máa sọ? Orúkọ ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ fi ra àforíjì fún lẹ́búlẹ́bú ayùn. Nínú ilé rẹ̀. Níwájú ìyàwó rẹ̀. Kí n gbé òkú olóòótọ́ bo pákó tó rà.

Rárá o. Èyí... rárá.

Dúró ná. Dúró. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Bẹ́ẹ̀dì lọ́yà, wọ́n fẹ́ dá a padà. Wọ́ọ̀dúróòbù obìnrin Amuwo yẹn, wọ́n fẹ́ dá a padà. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí náà. Gbogbo ohun tó ń jáde ní Kuje ni wọ́n fẹ́ dá padà. Èwo ni wọn kì í dá padà? Tèmi. Nínú gbogbo iléeṣẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ mi nìkan ni ọjà tó péye. Mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń gé e, mò ń fá a kó dán. Kò já rí. Tó bá jẹ́ pé ó já lẹ́ẹ̀kan péré... lọ́yà ì bá gbé ẹjọ́ lọ, Jùwọ́n ì bá fi rúlà lé Henry lọ́wọ́. Mo wà níbí tí mò ń pè wọ́n ní abaṣẹ́jẹ́. Abaṣẹ́jẹ́ ni wọ́n, mi ò ní kó o padà. Àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ ra pákó gidi fún, nígbà tí wọ́n ní bàbá?

Ó wúkọ́. Ìyá Stella wúkọ́ nínú yàrá. Mo gbọ́ sálúbàtà. Òórùn páódà ti ń jáde bọ̀. Ó ti fi páódà sójú... ó ti dárí jì wá nìyẹn. Obìnrin tó fẹ́ jà kì í fi páódà. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà kó tó gbà á ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ.

N ó bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? N ó ní: Ìyá Stella, mo wá bẹ̀ yín, ẹ má gbà. Tí mo bá sunkún, ẹ má gbà. Tí mo bá fẹ́ dárúkọ Adédìran, ẹ nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún mi. Ẹ ní àfi kí Jùwọ́n wá fúnra rẹ̀, kó wá fi ìka tirẹ̀ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀, kó tú gbogbo rẹ̀ dànù kó sì kan òmíràn. Ẹ má mójú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi ṣe é.

Ohun kan ló kù, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá Stella, ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí ọmọ yẹn. Tó bá bi yín, ẹ ní mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi há, ẹ̀yin lẹ kọ̀. Ẹ sọ fún un pé mo bẹ̀ yín dáadáa. Ẹ fi ìyókù sínú o, kó má lọ rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi mọ́.