Èdè Méjì Tí Adéyẹyè Gbọ́

"Láti inú ọ̀fun!" Adéyẹyè ń pariwo, ó ń fi ìka tó kún fún ṣọ́ọ̀kì gún gògóńgò ara rẹ̀. "Ẹ má fi ètè pè é. Ẹ ṣe bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. *Rúákh!*"

"*Rúákh!*" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn, ni ẹ̀rín bá sọ.

"Oga, abeg do am again!" Agatha, ìyàwó olórí akọrin, ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni lọ́dún 1976, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn ìjọ àwọn Yorùbá lẹ́bàá Jakpa Road. Lásìkò yẹn, epo rọ̀bì ti sọ Warri di ibi tí tọmọdé tàgbà ń forí lé. Adéyẹyè alára, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ló wà, ó sì ti kọ́ èdè Hébérù fún ọdún méjì, kó tó gbọ́ ìró owó epo, tó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láìdágbére. Ó di akọ̀wé lọ́fíìsì àwọn Òyìnbó ará Họ́láńdì kan tí wọ́n ń ri páìpù mọ́lẹ̀ lábẹ́ odò. Ọdún mẹ́fà ló fi ń jí èdè Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ kọ́, tòun ti ìwé gírámà kan tí ìyàwó Òyìnbó kan jù sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Lónìí, ìjọ ní kó wá fi èdè méjèèjì wéra fáwọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ni kò ní yangàn?

"Hébérù, láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì rìn sẹ́yìn lórí pátákó. "Dọ́ọ̀ṣì, láti ọwọ́ òsì, bíi tiwa. Hébérù a máa to àmì tóótòòtó sábẹ́ lẹ́tà, bí àwa ti ń fi àmì ohùn sórí. Dọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀ a máa so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí tí yóò fi gùn bí ọkọ̀ rélùwéè. Mọ̀lẹ́bí Lárúbáwá ni ti àkọ́kọ́, mọ̀lẹ́bí Gẹ̀ẹ́sì ni ìkejì. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá. Ọ̀fun nìkan ni wọ́n ti pàdé. Ẹ gbọ́ o: Ẹ̀mí Ọlọ́run sì ń ràbàbà lójú omi. Hébérù pe Ẹ̀mí ní *rúákh*. Dọ́ọ̀ṣì pè é ní *Geest*. Ẹ gbọ́ bí méjèèjì ṣe ń ha ọ̀fun?"

Àtẹ́wọ́ ta. Alàgbà Olúgbémi, alága ọjọ́ náà, mi orí títí. "Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, orí yín pé! Ṣé àwọn Òyìnbó yẹn mọ̀ pé ẹ gbọ́ èdè wọn?"

"Wọn ò mọ̀ rárá!" Adéyẹyè na àyà síta. "Àpótí ìjókòó ni wọ́n kà mí sí, sà. Ojú mi báyìí ni wọ́n ti ń tú gbogbo àṣírí wọn. Kò sí gbólóhùn kan tí wọ́n sọ níwájú mi tí mi ò lè kà lórí fún yín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rín àwọn èèyàn kò tíì tán nílẹ̀ tí obìnrin kan fi dìde lórí bẹ́ǹṣì tó kángun sí ẹnu ọ̀nà.

Rebecca ni, opó ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà ní ọjà Ekete. Inú Adéyẹyè bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì jáde lẹ́yìn ìsìn nítorí obìnrin yìí. Kò rí i nígbà tó wọlé.

Rebecca kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì dìde. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ò kàwé, ẹ má bínú. Lẹ́yìn tí iná jó lójú omi tó pa Akínsànmí ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ bá àwọn Òyìnbó méjì wá sábúlé wa, ẹ̀yin lẹ ṣe ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn. Wọ́n ní ọkọ mi ló ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá páìpù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn táwọn ará abúlé fi kọ̀ láti sin ín ti àwọn bàbá rẹ̀. Wọ́n ní òun ló jó àwọ̀n gbogbo wọn, wọ́n sì lé èmi àtàwọn ọmọ jáde. Warri níbí ni mo sin ín sí."

"A mọ̀, Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Alàgbà wí.

"Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn Òyìnbó méjèèjì kọ́kọ́ fi èdè wọn bára wọn sọ̀rọ̀ títí. Mo bi yín pé kí ni wọ́n ń sọ. Ẹ ní wọ́n ń bá mi kẹ́dùn ni." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Tíṣà, kí ni wọ́n ń sọ?"

Adéyẹyè wo Adébímpé ìyàwó rẹ̀, Adébímpé sì tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó mọ̀. Inú yàrá ni ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ti abúlé náà dé. Kò pé oṣù méjì sígbà yẹn tí iléeṣẹ́ fi kó wọn lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ohun báyìí la torí ẹ̀ fún ọ. Àwọn náà ò sì bèèrè. Ẹnu jẹ, ojú tì.

Ìtìjú mú Adéyẹyè, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó fẹ́ ní òun ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọ́nnu nísinsìnyí?

"*Die leiding is al maanden verroest*," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "*We wisten het.*" "Wọ́n ní páìpù náà ti dípẹtà láti oṣù púpọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀."

"Hẹ̀n!" ni Agatha wí. "Dem know!"

Rebecca ò sunkún. "Ọkọ mi kọ́," ló wí. Ó tún un wí fún ẹni tó jókòó tì í: "Ọkọ mi kọ́ o." Ó wá kọjú sí Adéyẹyè. "Àwọn àgbà abúlé ń bọ̀ wá ná ọjà láàárọ̀ ọ̀la. Aago méje, létí odò. Ẹ ṣàánú mi, ẹ wá sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ yẹn, kí n lè gbé òkú ọkọ mi lọ sílé, káwọn ọmọ mi lè padà sábẹ́ òrùlé bàbá wọn. Tó bá ti ẹnu èmi jáde, irọ́ ni wọ́n máa pè é."

"Màá wá," ni Adéyẹyè wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, màá wá."

Ó sì pinnu láti lọ lóòótọ́. Nígbà tí mọ́tò ọ́fíìsì wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún Adébímpé pé létí odò lòun máa ní kí dírẹ́bà já òun sílẹ̀. Ọ̀nà wọn kúkú ni. Adébímpé ń bomi rin òdòdó lọ.

Àwọn Òyìnbó méjì kan náà tí wọ́n jọ lọ sábúlé yẹn ló jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ mú kí dírẹ́bà rọra máa lọ. Adéyẹyè ti dọ́wọ́ lé ìlẹ̀kùn. Ó rí Rebecca tó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbàlagbà mẹ́ta dúró tì í. Rebecca rí i. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́, ó ń nàka sí i han àwọn àgbà náà: òun nìyẹn, òun nìyẹn.

"Ta ni obìnrin yẹn?" Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn Òyìnbó náà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

Adéyẹyè gbọ́wọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ọ̀nà là, mọ́tò sì ń lọ. Ọ̀gá yíjú sí èkejì rẹ̀, ó bọ́ sínú Dọ́ọ̀ṣì: "Ó mọ̀ ọ́n. Opó apẹja yẹn ni. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ilé tí a fún un ò kúkú ṣòfò," ni èkejì wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Adéyẹyè gbọ́ ọ yékéyéké. Ó kọjú síwájú, ó ṣe bí ẹni tí kò gbédè.