Ìgò Sínáàpù Tí Fiifi Gbé Kí Àgbà

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ọtí kò kan ẹnu Fiifi Arkoh, ẹni kan ṣoṣo ló sì gbà pé òótọ́ ni ní gbogbo Saltpond, ìlú etíkun kan ní Ghana: Fiifi fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu. Nígbà tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn, ìyẹn wá tọrọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, kí àwọn àna tó sọ ohun tí wọ́n bá wá, bàbá ìyàwó ti ṣí ọtí tí wọ́n gbé wá, ó ti mu ún dé ìsàlẹ̀ ìgò, ó sì ti gbé orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó, ó ń hanrun.

Ó wá kan Araba, àbíkẹ́yìn. Àwọn ará Anomabo tó fẹ́ fẹ́ ẹ fún ọmọ wọn ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn ní Sátidé. Araba kò pariwo. Ó kàn jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ní, "Paapa, bí ẹ bá fi ẹnu kan ọtí kí ọjọ́ náà tó pé, Bàbá Kobina ni yóò jókòó sáyè yín." Àbúrò Fiifi ni Kobina. Ọ̀rọ̀ náà dun Fiifi dé akínyẹmí ara.

Ó gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ò lè dá a ṣe, Bàbá. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí wà nílùú yìí, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Ẹ béèrè ibẹ̀ lọ́wọ́ Egya Bentsil, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń wọlé àgbà lọ́wọ́ òfo? Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìgò kan síwájú àgbà kó tó la ẹnu. Fiifi lè jẹ́ ọ̀mùtí, kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ra Sínáàpù kan, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó há a sí abíyá, ó bọ́ sọ́nà.

Àmọ́ ojú tó mọ ìgò kì í ṣì í mọ̀. Bó ṣe dé iwájú ìsọ̀ Maame Efuwa, níbi tí wọ́n ti ń mu akpeteshie, ẹ̀gbọ́n ògógóró, ariwo ta.

"Fiifi! Òkú ti jíǹde!"

"Ẹ yé pariwo, jàre. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í mutí ni mò ń lọ."

"Tòun tìgò? Ṣé o fẹ́ fi hàn wọ́n bó ṣe rí ni?"

Maame Efuwa yọjú. "Wọlé, ọkọ mi. Jẹ́ ká bá ẹ dín in kù, kó má wúwo jù."

Ẹsẹ̀ Fiifi dúró. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí ẹsẹ̀ náà ti mọ ibẹ̀. Ó gbọ́ bí ọtí ṣe ń mì nínú ìgò, omi kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ojú Araba ló rántí tó fi ki eré mọ́lẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

Nínú pálọ̀ Egya Bentsil, ènìyàn méje jókòó yíká, wọ́n ń mu tíì. Fiifi bọ́ bàtà, ó kí wọn láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò síwájú àgbà.

"Egya, mo fi èyí kí yín. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáwọ́ nínú ọtí ni mò ń wá. Wọ́n ní ẹ mọ ibi tí wọ́n ń pàdé sí."

Gbogbo ojú wà lára ìgò. Ọkùnrin kan mí kanlẹ̀. Obìnrin kan tó sanra ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á.

"Ọmọ mi," ni Egya Bentsil wí, ó ń nu ojú, "o ti bá wọn. Ọtí lo tún wá gbé fún wọn."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Fiifi ìbá wọ̀ ọ́. Àgbà dìde, ó ní kí ìyàwó òun ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Sínáàpù mọ́kànlélógójì ló tò síbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ṣí rí, orúkọ àti ọjọ́ wà lára ìkọ̀ọ̀kan.

"Kò sẹ́ni tó wọlé yìí tí kò gbé tirẹ̀ wá," ni Egya wí. "Ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ ká wá lọ́wọ́ òfo. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí o. Kò dáhùn."

Wọ́n kọ orúkọ Fiifi sára tirẹ̀. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó sọ ti èjìká àna rẹ̀, ó rò pé wọn yóò tún rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó sanra náà kàn ti ife tíì sí i.

"Sátidé ńkọ́?" ni Fiifi béèrè. "Èmi bàbá ni n ó ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa. Mo mọ ara mi."

"Sátidé ò tíì dé," ni Egya wí. "Mu tíì rẹ."

Sátidé dé. Àwọn ará Anomabo gbé ìgò kalẹ̀. Kobina jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ de ìgò. Araba dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Fiifi bọ́ aṣọ kúrò léjìká, bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn òkú, ó ṣí ọtí, òórùn rẹ̀ sì bá a nímú. Ó pe baba rẹ̀, ó ta á sílẹ̀. Ẹ̀kán méjì ló máa ń ta tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó pe baba baba rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí òkun gbé lọ, ó ń dà á lọ. Nígbà tí orúkọ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ilẹ̀ di ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó!" ni Kobina kígbe. "Ẹ máa pa àwọn òkú lọ́tí!"

"Jẹ́ kí wọ́n yó," ni Fiifi dáhùn, ó gbọn èyí tó kù nínú ìgò sílẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bá wọn mu tiwọn."

Araba bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ti Anomabo wá fa àga rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì sọ ohun tí wọ́n bá wá.