Ọṣẹ Lẹ́nu Búlídà

"Ó ń rì," ni Wòsílátù wí. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. "Bàbá Tòún, ó tún ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

"Kò rì," ni Hàrúnà ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, níbi tó lóṣòó sí. "Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ ọ́."

"Ẹsẹ̀ mi tó ń gbé mi dé Ìgàndó láìwọkọ̀, ṣé ìjókòó ni yóò wá rẹ̀ ẹ́? Ó ń rì, mo ní."

Ọdún 1989 ni, ní ibi iṣẹ́ Hàrúnà ní Ìkọ̀tún. Mọ́tò tó wà lórí jáàkì yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n sábà ń gbé wá bá a. Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, àfi bí ẹni jókòó sórí ẹní. Babárìndé tó ń gbé ní Gowon Estate ló ni ín. Kì í gbé e lọ síbi iṣẹ́ o. Pápá kan tí wọ́n da kọnkéré sí yípo ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń fi í du eré ìje. Ẹjọ́ tó gbé wá ni pé bí òun bá ti sáré yípo díẹ̀, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á sì wọlẹ̀ lọ. Bó bá délé, tí gbogbo rẹ̀ tutù, á tún le padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Hàrúnà ti tún un ṣe, ó sì ti ránṣẹ́ sí i pé ó ti dá. Ọ̀túnla ni ìje. Babárìndé ń bọ̀ wá gbé mọ́tò rẹ̀ lọ́sàn-án òní gan-an.

Wòsílátù kò kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì, ṣùgbọ́n kò sí bíréèkì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì, ẹnìkan á máa tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́tò, ẹnìkejì á máa tú búlídà, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn táyà, á sì tún dì í. Bí ẹni inú mọ́tò bá gbẹ́sẹ̀ kí ti ìta tó dì í, afẹ́fẹ́ á tún wọlé padà, iṣẹ́ bàjẹ́. Àwọn mẹ́káníìkì yòókù a máa pariwo mọ́ra wọn. Orin ni tọkọtaya yìí fi ń ṣe tiwọn:

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ tèmi,
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ tèmi,
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo dúró tì í,
Olówó orí mi, tú u o, tú u o.

Bó bá ti dé "tú u o," Hàrúnà á tú u. Wòsílátù á wá fa ohùn náà lọ gbọọrọ, kò ní gbẹ́sẹ̀, títí Hàrúnà á fi fi sípánà lu táyà. Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà máa ń dúró gbọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n lónìí orin ti parí, wọ́n ti lu táyà, bíréèkì ṣì ń rì.

"Àbí ó ń jò ni?" ni Wòsílátù béèrè.

"Mo ti wò ó. Ọ́ìlì tó kù sínú ihò búlídà ló ń kán. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká fi pọ́dà wò ó."

Hàrúnà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti di ọ̀gá ṣá."

"Ta ló kọ́ mi?"

Òun ló kọ́ ọ lóòótọ́. Ọ́ìlì bíréèkì a máa rìn kiri lára irin, kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó ti wá. Nítorí náà wọn a fọ gbogbo ibẹ̀, wọn a nù ún gbẹ, wọn a wá bu pọ́dà ìpara sí i. Ibi tí pọ́dà bá ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wòsílátù tẹ bíréèkì. Hàrúnà gbé ojú sún mọ́ irin náà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ó gbẹ," ló wí. "Ó funfun báláú."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ní ó gbẹ, Wòsílátù."

Wòsílátù mú pákó kan, ó fi há àárín àga àti bíréèkì kó lè dúró bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó sì sọ̀kalẹ̀. Láti ìdúró ló ti rí i. Ìlà dúdú kan ti ìdí búlídà wá, ó la pọ́dà náà kọjá bí omijé, ó ń kán sílẹ̀. Hàrúnà ṣì kọjú sí i.

"Ṣé o rí i báyìí? Funfun."

Wòsílátù wo ojú ọkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣí sí i lọ́kàn lẹ́sẹẹsẹ. Bí Hàrúnà ṣe ń fọwọ́ tálẹ̀ láti ìjẹta, tó ń wá sípánà tó wà níwájú rẹ̀. Bí kò ṣe ń kí èèyàn mọ́ àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti rò pé ìgbéraga àgbà ni, ó tilẹ̀ ti bá a jà sí i. Ó nawọ́ kan búlídà náà. Ó ń yọ̀. Ó gbé ìka sí imú.

"Ọṣẹ rèé, Bàbá Tòún."

Hàrúnà fa ojú kúrò lára irin náà. "Ó ń jò nígbà tí mo dì í. Mo fún un, kò dá. Mo tún fún un. Bí tánkì epo bá jò, ṣebí ọṣẹ la fi ń dí i? Kò sí mẹ́káníìkì tí kì í ṣe é."

"Tánkì epo kì í gbóná bíi bíréèkì. Tí ọkùnrin yẹn bá wọ eré, ọṣẹ á yọ́."

Hàrúnà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tú búlídà náà, ó fi èékánná yí orí rẹ̀ po, ó sì dúró lójú kan. "Iyanrìn ti wà níbẹ̀ kí n tó dì í," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "N kò rí i. Mo wá ń fún iyanrìn mọ́ irin. Ibi tó ń jókòó sí nínú lọ́hùn-ún ti họ. Búlídà tuntun ò lè ràn án, àfi ká pààrọ̀ gbogbo irin tó gbé e dání."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi wo pọ́dà."

Hàrúnà tún gbé sípánà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í padà. "Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ìkọ̀tún yìí pé n kò ríran mọ́," ló wí nígbà tó yá, "ta ló tún máa gbé mọ́tò wá?"

Babárìndé dé kí Hàrúnà tó dìde. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Ìyá olórin, ṣé ẹ ti kọ orin ipò kìíní fún mọ́tò mi?" Ó kó sínú rẹ̀, ó yọ pákó náà kúrò, ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀. "Ó mà le o. Bàbá, ọwọ́ yín ò láfiwé jàre. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Hàrúnà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Ó dì í mọ́wọ́.

"Bàbá Tòún," ni Wòsílátù wí pẹ̀lẹ́, "ẹ sọ fún un. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, èmi ò ní dákẹ́."

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi?"

"Má wà á," ni Hàrúnà wí. Kò pè é ní ọ̀gá mọ́, kò sì fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ bó ti máa ń ṣe. Bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí ni. "Búlídà rẹ̀ ń jò, ọṣẹ ni mo fi dí i. Bó bá gbóná, o ò ní rí bíréèkì tẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ránṣẹ́ pé ó ti dá ni?"

"Ojú mi ni kò rí i. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti ríran dáadáa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Babárìndé gbé ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nínú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà. Ó fọwọ́ kan ibi tó tutù. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Wòsílátù ń dúró de èébú tó máa tẹ̀lé e, kò sì gbọ́ ọ.

"Bàbá," ló wí, "bíréèkì ta lẹ tún ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Ìbéèrè yìí kò tíì wá sọ́kàn ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Hàrúnà fi ìka kà wọ́n. "Nùrẹ́nì tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àti Cecilia."

"Ta ni Cecilia?"

Wòsílátù ló dáhùn. "Ìyá aláṣọ funfun kan ní Ìpájà. Òun ló ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé relé."

Hàrúnà bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gbé e sórí àpótí, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Babárìndé. Babárìndé gbà á, ó ní òun á dúró ti mọ́tò náà títí wọn á fi dé.

Ní etí títì, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. "Ẹ̀gbẹ́dá ló sún mọ́ wa jù," ni Wòsílátù wí.

"Ìpájà ná. Ilé ìwé ò ní pẹ́ jáde."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Hàrúnà kò di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lójú títì rí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wòsílátù sún tirẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ náà ti ń wá a, wọ́n sì jọ sọdá.