Èémí Cormac Guckian

Nígbà tí òtútù oṣù kọkànlá fi máa balẹ̀ sórí àwọn òkè Leitrim lọ́dún náà, ẹ̀dọ̀fóró Cormac Guckian ti di ògbólógbòó ẹwìrì tí a ń fín tí kò mú iná ràn mọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó gbé fèrè kọ́ ògiri. Síbẹ̀, Nuala aya rẹ̀ gbà kí Fergal, ọmọ àbúrò Cormac, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá láti Dublin. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń fẹ́: bí ọkọ òun bá lọ, kí fèrè rẹ̀ má bàa bá a lọ. Orin ijó kan péré, kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kó sì tán síbẹ̀. Ó ní kí èmi Eoin wá jókòó tì wọ́n, nítorí láti ìgbà èwe ni èmi àti Cormac ti jọ ń fọn fèrè.

Òjò ọ̀sán ń rọ̀. Èéfín amọ̀ irà gbígbẹ tí a fi ń dáná kọ̀ láti gba ojú èéfín jáde. Ó ń padà wọ ilé ìdáná bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Cormac fọn orin náà bí àwọn baba wa ti ń fọn ọ́n. Ó ń fi èémí gé ohùn sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń la igi, yóò dá a dúró lójijì láàárín, yóò fa èémí sínú tí gbogbo ilé á gbọ́, yóò sì tún já lu orin. Ìdádúró yẹn gan-an ló máa ń gbé ẹsẹ̀ oníjó sókè. Nígbà tó parí, ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Nuala wí. "Fergal, palẹ̀ ẹ̀rọ ẹ mọ́, kó o wá mu tíì."

Fergal yọ ohun ìgbọ́ràn kúrò létí. "Ẹ má bínú, Ìyá. Gbogbo ibi tí wọ́n ti mí ni mò ń gbọ́ ketekete. Ńṣe ló dà bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó."

"Kí lo wá fẹ́ gbọ́?" ni Cormac bi í. "Ṣé òkú ló ń fọn ọ́n ni?"

"Bàbá, ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Orin gbọ́dọ̀ máa ṣàn ni, bí odò."

"Odò! Ẹ̀yin ará Dublin, bí ẹni ń fi bọ́tà kun búrẹ́dì lẹ̀ ń fọn fèrè. Ta ló fẹ́ jó lórí bọ́tà, kó má yọ̀ ṣubú?"

A bú sẹ́rìn-ín. Fergal kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí giramafóònù ilé náà, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì gbé àwo kan lé e. Ọmọ àdúgbò wa kan tó rékọjá sí Amẹ́ríkà ṣáájú ogun ló fọn orin kan náà sínú rẹ̀. Òun nìkan ni afọnfèrè tí Cormac kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Orin náà rọra jáde, ó ń fà lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ abala kan títí dé òpin rẹ̀, ọkùnrin náà kò mí.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ọmọ òkè yìí náà ni. Bàbá, ẹ má pè é ní àṣà mọ́. Ẹ kàn sọ pé agbára ti tán."

Cormac na ọwọ́ sí fèrè rẹ̀.

"Cormac, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́," ni Nuala wí.

"Bu tíì fún àlejò ẹ."

Mo gbé fèrè tèmi sẹ́nu láti bá àwo náà rìn. Kò bá a mu. Ohùn àwo náà wà nísàlẹ̀ tèmi.

"Ẹ ti sún mọ́ iná jù, Bàbá Eoin," ni Fergal wí. "Fèrè yín ti gbóná."

Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ooru a máa gbé ohùn fèrè sókè. Mo gbà á gbọ́. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na fèrè sí atẹ́gùn òjò títí igi rẹ̀ fi tutù bí òkúta. Fergal ti yí téèpù rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún gbé àwo náà sí i fún Cormac: "Bó ṣe ń lọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, Bàbá. Ẹ má sáré, ẹ má sì já a." Mo tún bá a fọn. Ohùn àwo ṣì wà nísàlẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe fèrè mi. Giramafóònù Cormac ló ti gbó, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn àwo fi wálẹ̀. Kíákíá ni ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn fọn orin rẹ̀, èémí kékeré sì tó o. Ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ ló na èémí náà gùn ju ti ẹ̀dá lọ.

"Cormac! Ẹ̀rọ ló ń falẹ̀! Mí, jàre!"

Ó ti wọ inú orin. Ó wò mí láti orí fèrè, ó sì ń bá a lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjá. Níparí abala nìkan ló ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò bí ẹyẹ tó ń mumi. Nígbà tó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó wọ ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fọn ọ́n dópin, ó gbé fèrè lé orúnkún, ó sì la ẹnu láti mí.

Kò sí èémí tó wọlé.

Nígbà tí dókítà fi máa dé, a ti dá aago dúró, a sì ti fi aṣọ bo dígí, bí a ti ń ṣe nílé òkú. Nuala jókòó ti òkú ọkọ rẹ̀, kò sunkún.

"Fergal, jẹ́ kí n gbọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí tó ti ń mí."

Ọmọkùnrin náà kò lè wò ó lójú. "Ìyá… téèpù kan ṣoṣo ni mo mú wá. Orí ẹ̀ náà ni mo tún gba èyí lé."

"Fi èyí tó wà níbẹ̀ sí i."

Orin náà ṣàn jáde, ó dán, ó ń tẹ̀ síwájú láìsí ibi kan tí a ti gbọ́ èémí ènìyàn. Nuala tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Ó dùn," ni ó wí. "Ta ló fọn ọ́n?"