Òfin Kan, Èdè Méjì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Doyin fi ń ka abala òfin kan ṣoṣo, kò sì rí ibi gbá a mú. Ó ti ṣe lọ́yà ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́jọ kó tó wá sí New York, níbi tó ti ń bá Lucy, lọ́yà kan ní Fordham, ṣe ìwádìí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin Kánádà ni èyí. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ Alhaji Fàtáì ni. Ottawa ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní University Heights, ní New York, ó wá tọ́jú rẹ̀, ó sì pẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ìgbà tó fẹ́ padà ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì kan ní Kánádà: wọ́n ní ó ti ní ilé ní New York, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí abala òfin yẹn, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé lọ́dọ̀ àwọn mọ́.

"Ṣé ilé ẹ̀gbọ́n mi ló wá di ilé mi?" Alhaji bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Doyin wí, ṣùgbọ́n ọkàn tirẹ̀ gan-an ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ subway lọ sí ilé-ìkàwé àwọn amòfin. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó yé forí gbá òfin lásán. Kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ti ṣàlàyé rẹ̀. Ó gbé ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó kọ ìwé náà ṣàlàyé pé èdè méjì ni wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Bí ọ̀kan bá rúni lójú, ká wo ìkejì. Nísàlẹ̀ ojú ewé, ní lẹ́tà wínníwínní, ó kọ ọ̀rọ̀ Faransé tó dúró fún "ilé" nínú abala yẹn gan-an, àti orúkọ ẹjọ́ kan.

Doyin kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó sáré bọ́ síta, ó pe Àjàlá, ọmọ Yorùbá Pọ̀tó-Nóvò tó gbọ́ Faransé dáadáa, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tompkinsville, ó sì pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyẹn?" Àjàlá dáhùn. "Kì í ṣe ilé kílé o! Ibi téèyàn fìdí kalẹ̀ sí ni. Bí mo bá sùn sílé ẹ fún oṣù kan, mi ò lè pè é bẹ́ẹ̀ láé."

"Bọ̀dá Àjàlá, Ọlọ́run á gbè yín!" Doyin fò sókè lójú pópó, àwọn èèyàn ń wò ó. Kò wò wọ́n.

Ó padà wọlé, ó wá ẹjọ́ náà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó sáré lọ bá Lucy.

"Àǹtí Doyin, ó dáa," ni Lucy wí, "àmọ́ ìwé àlàyé kì í ṣe òfin. Kí ni adájọ́ sọ?"

"Bákan náà gẹ́lẹ́! Ọkùnrin kan lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Adájọ́ gbé èdè méjèèjì síra wọn, ó ní kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀."

Lucy dìde, ó dì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí lọ́yà tó ń bá Alhaji ṣe ẹjọ́ náà ní Ottawa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Alhaji já wọ ọ́fíìsì, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Doyin, ọmọ mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀! Ta ló kọ ìwé tó o kà yẹn? Mo fẹ́ ṣàdúà fún un."

Doyin sọ orúkọ náà. Alhaji gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kò gbé e.

"Kò burú," ó ní, ó sì tẹ́wọ́. "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."