Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

"Màmá, mi ò gbọ́ yín o! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín ni ò dáa. Ẹ sún mọ́ fèrèsé."

Obìnrin tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní Dókítà Wáyà tẹ fóònù mọ́ etí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe jẹun. Ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ ilé, ní ìrìn wákàtí mẹ́rin sí i, ó ti múra ilé ìwòsàn tán. Lọ́sàn-án yìí ni wọ́n máa yọ gògóńgò rẹ̀ tí àìsàn ti jẹ. Yóò yè, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò ní fọhùn mọ́ láyé.

Ìdí nìyẹn tó fi pè.

"Mo fẹ́ kì ọ́," ni màmá kọ́kọ́ wí, ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ó dún ketekete. "Kì í ṣe oríkì ilé o, ìyẹn, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Tìrẹ ni, èmi fúnra mi ni mo hun ún. Mi ò mọ̀wé kọ, inú orí mi ló wà. Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

"Màmá, ẹ̀yin náà! Ṣé mo ti joyè ni?"

"Ìwọ dákẹ́ ná, jàre. Èmi náà ń bọ̀ wá dákẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, atú-okùn-tó-lọ́… bí ìràwọ̀… tí kì í… lọ́jọ́ tí mo…"

Ọ̀rọ̀ ń já bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ gé. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sún mọ́ fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ikọ́ gbà á lẹ́nu, ìpè sì já.

Dókítà Wáyà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ ilé wọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e síbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìpè tàbí àwòrán kan kì í jáde nílé kó má gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlà àwọn tó ń dúró láti jáde ti kún dé ọrùn.

Àwòrán ni. Àwòrán màmá, láti ìgbà omidan títí di àná, ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Dókítà Wáyà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n láti ilé wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láàárọ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á.

Bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ọkàn ẹ̀rọ náà, ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é dé ni obìnrin náà ṣe fi í sílẹ̀: ìlà kan ṣoṣo, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ìlà bá kún, a óò da ẹni tó dé gbẹ̀yìn nù. Kò mọ ìyá yàtọ̀ sí àwòrán ìyá. Lóòótọ́, ẹni tó bá tètè dé odò ní í mu omi tó tòrò. Ṣùgbọ́n ta ní í jẹ́ kí ìyá àgbà tò sẹ́yìn agbo màlúù? Kò sí ọ́fíìsì tó ti ṣiṣẹ́ rí tí kò kọ́kọ́ yí èyí padà. Tilé nìkan ló ń sún síwájú. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ó tẹ àṣẹ kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí wọ́n máa fún ara wọn láyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Àwọn àwòrán ṣì ń wọlé. Wọn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́.

Ó pe ilé padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Màmá."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ikọ́ ti gba ohùn wọn. Nígbà tí mo fi máa tọ́jú mọ́tò wọlé, ètè lásán ló ń mì."

"Ṣé ẹ gbọ́ oríkì tí wọ́n ń kì mí?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ ni wọ́n ń kì. Ohùn rẹ mà já gaara o! Kí lo ṣe sí i?"

"Ẹ gbé fóònù sí wọn lẹ́nu."

Ó gbọ́ aago ara ògiri pálọ̀. Ó gbọ́ ìró aṣọ. Lẹ́yìn náà, èémí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, létòlétò, ìkankan nínú rẹ̀ ò já.