Ìwé Pélébé Nídìí Ìrù Eku

Iṣẹ́ mi ni kí n máa la ikùn eku. Àwọn kan ń dirun, àwọn kan ń ránṣọ, èmi ń la eku, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Ìyá Eléku lọ̀gá mi ní yàrá àyẹ̀wò àìsàn ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n ò tíì bí ọmọ kankan.

Iṣẹ́ náà ò le. A óò dẹ pańpẹ́ sílé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò. Bílẹ̀ bá mọ́, a óò kó eku tó bá kó sí i, a óò so ìwé pélébé mọ́ ọn nídìí ìrù, a óò sì kọ nọ́ńbà ilé tó ti wá síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni mo máa ń wò. Bí mo bá rí àmì funfun wínníwínní lára rẹ̀, ẹyin aràn ni, irú aràn tó máa ń ti ara eku bọ́ sára èèyàn. Bí eku bẹ́ẹ̀ bá kú sínú ihò, tó jẹrà, ẹyin yẹn á kù sínú ilẹ̀, á máa dúró de ọwọ́ tí wọn ò fọ̀. Ilé tí ẹ̀dọ̀ burúkú mẹ́ta bá ti wá, àwọn dókítà á lọ yẹ gbogbo ará ibẹ̀ wò, wọ́n á sì lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn wọn.

Ìwé pupa yẹn ni ìyá mi ń sá fún. Tónítóní ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàtà ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá mi wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, òun náà bọ́ bàtà, gbogbo wa sì rí ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti lu. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé wà tí ìyá mi kì í wò. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣe bàtà, nínú yàrá kékeré tí wọn ò da sìmẹ́ńtì sí nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, eku mẹ́ta kó sí pańpẹ́ mi níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?" ìyá mi ní. "Eku mẹ́ta, nínú ilé tèmi? Kọ nọ́ńbà ilé mìíràn sí i."

"Ilé ta ni kí n kọ, Mọ́mì?"

"Kọ ilé kẹrìnlá. Ṣebí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀."

Ilé wa ni kẹsàn-án. Mo kọ mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo la àwọn eku náà lọ́sàn-án, ẹ̀dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àmì funfun. Mo mú bírò kí n tún un kọ, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Mo ní màá kúkú sọ fún àbúrò mi kó máa fọwọ́.

Mo sọ fún un lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fọwọ́ fa ìfun eku, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi ní ìmọ́tótó?" Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ wà léèékánná rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló ń rán lọ́jọ́ náà, ó ní tèmi ni.

Àwọn dókítà lọ sílé kẹrìnlá. Wọ́n kanlẹ̀kùn títí, wọn ò rẹ́ni kankan, wọ́n lẹ ìwé pupa wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ikùn àbúrò mi wú, ibà ò sì fi í sílẹ̀. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Wọ́n tọ́jú èyí, wọ́n tọ́jú tọ̀hún, kò gbọ́. Níkẹyìn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn mú díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ wa. Ìyá mi dì mí lápá mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá bi mí, kí n má dárúkọ ilé wa.

Ọ̀gá mi wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí n wá wò ó. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀: ẹyin tó rí bí àgbá kékeré tí wọ́n dé lórí, tí wọ́n tún dé nídìí.

"Irú èyí tó wà nílé kẹrìnlá ni," ó ní. "Ṣé àbúrò ẹ máa ń lọ síbẹ̀ ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà.

"Ọ̀gá, kò sí eku tó wá láti ilé kẹrìnlá rí. Ilé wa ni mo ti mú wọn."

Kò pariwo. Ó ṣí ìwé ńlá, ó fi ìka tọ ìlà náà dé ibi tí ọjọ́ wà. "Ká ní a mọ̀ nígbà yẹn," ó ní, "oògùn oníkóró là bá fún un, ì bá sì máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ."

"Nísinsìnyí ńkọ́, sà?"

"A óò fún un ná."

Wọ́n fún un. Àbúrò mi kú lọ́jọ́ kẹrin.

Mo retí ẹkún, ẹkún ò wá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi wà nínú ikú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, síbẹ̀ n ò mọ ibi tó ń dùn mí. Wọ́n ní kí n lọ sinmi, mo kọ̀. Mo la eku mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì kọ nọ́ńbà gbogbo wọn bó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, ìwé pupa ti wà lára ilẹ̀kùn wa. Ìyá mi ò sí nínú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, nínú yàrá àbúrò mi, lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti da omi ọṣẹ sórí erùpẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń di ẹrẹ̀, ó sì tún ń da omi sí i.

Ó gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ọjọ́sí ni mo wọ̀.

"Bọ́ bàtà ẹ kó o tó wọlé," ó ní.

Mo bọ́ ọ.